Irú dókítà wo lo fẹ́ jẹ́? Ìbéèrè tí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wa kì í bi ọmọ

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ilé kan ní Òṣogbo, tàbí ní Ìlọrin, tàbí ní àdúgbò tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí ní Kánò. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún kan fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB. Ó mọ ìwé, gbogbo ilé sì ti gbà pé iṣẹ́ dókítà ni yóò kọ́. Ìyá rẹ̀ ti ń pè é ní "Dókítà mi" láti ìgbà tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wá kí wọn ló béèrè pé, "Irú dókítà wo lo fẹ́ jẹ́, ọmọ mi? Ṣé ti ọkàn ni, àbí ti àwọn ọmọdé?" Ọmọ náà rọra dáhùn pé, "Mo fẹ́ jẹ́ dókítà tó ń yẹ òkú wò láti mọ ohun tó pa á, sà." Ilé dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ìtàn yìí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni yóò dá a mọ̀. Ohun tó yẹ ká kíyè sí nínú rẹ̀ ni pé ìbéèrè ẹ̀gbọ́n bàbá yìí ṣe pàtàkì ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò ní sí ẹnikẹ́ni tí yóò tún bi ọmọ náà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. JAMB kò ní bi í. Fásitì tó bá gbà á wọlé kò ní bi í. Nígbà tí àkókò bá sì tó tí ètò yóò bi í, ó lè ti gbàgbé èsì tó fọ̀ lọ́jọ́ náà, tàbí kí ojú máa tì í láti tún un sọ.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò kò ju èyí lọ: kí ni kí ọmọ tó fẹ́ gba ọ̀nà tí kò wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ ìṣègùn ṣe pẹ̀lú ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ nígbà tó bá ń wá àyè wọ ilé ẹ̀kọ́? Ṣé kó gbé e pamọ́ ni, àbí kó gbé e síta? Kí sì ni àwùjọ tó nílò irú dókítà bẹ́ẹ̀ ń pàdánù nígbà tí kò bá béèrè?

Máàkì ni ẹnu ọ̀nà ń wò

Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní láti kọ́kọ́ ṣe ìdánwò UTME tí àjọ JAMB ń ṣètò. Iṣẹ́ mẹ́rin ni yóò ṣe: èdè Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì. Máàkì 100 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 400. Yóò tún ní láti yege nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO, kó sì ṣe àyẹ̀wò tí fásitì fúnra rẹ̀ ń ṣe, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí Post-UTME. Wọ́n á ro máàkì wọ̀nyí pọ̀, wọ́n á wo ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá, wọ́n á sì fa ìlà síbi tí àyè bá parí sí. Ẹni tó bá wà lókè ìlà wọlé. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ yóò lọ kọ́ nǹkan mìíràn, tàbí kó tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ètò yìí ní àǹfààní tí a kò gbọ́dọ̀ fojú tín-ínrín. Máàkì kò mọ ọmọ olówó, kò sì mọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí a bá ní kí gbogbo ọmọ wá jókòó síwájú ìgbìmọ̀ kan láti ṣàlàyé ara wọn, ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa láti ilé, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti jẹ́ dókítà, yóò tayọ ọmọ àgbẹ̀ tí kò rí dókítà sójú rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Fún ọmọ tálákà, nọ́ńbà lè jẹ́ apata.

Ṣùgbọ́n apata kì í béèrè ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà kò lè sọ ohun tó gbé ọmọ wá, kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tó fẹ́ dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní Lẹ́kí àti ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọmọ kékeré fi ń kú ní abúlé ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè ní máàkì kan náà.

Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọlé, ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá fà á gùn. Ọdún kan tẹ̀lé e tí dókítà tuntun yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá, èyí tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ houseman. Ọdún kan mìíràn wà fún ìsìnrú ìlú àwọn àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọ̀pọ̀ wọn tó lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀ka àkànṣe lábẹ́ National Postgraduate Medical College of Nigeria, tàbí lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn dókítà ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Kútọnu àti Lomé, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé kọ́ni, bí wọ́n ṣe to ètò náà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa: akẹ́kọ̀ọ́ yóò parí ẹ̀kọ́ gbogboogbò, yóò kọ ìwé ìwádìí, yóò gba oyè dókítà, kó tó kan ẹ̀ka àkànṣe.

Ọmọ tó wọlé ní ọmọ ọdún 17 yóò ti pé 25 nígbà náà. Nǹkan mìíràn ni yóò sì máa pinnu fún un: ilé ìwòsàn wo ló ní àyè? Ẹ̀ka wo ló ń mówó wọlé? Èwo ni yóò tètè gbé mi dé òkè òkun? Kì í ṣe pé àwọn ìbéèrè wọ̀nyí burú. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́, ìyẹn "kí ló gbé ọ wá?", ti kọjá láìsí ẹni tó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Iye ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n irú wo?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà, Muhammad Ali Pate, sọ pé ó lé ní dókítà 16,000 tó ti fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé owó tí wọ́n ń ná láti kọ́ dókítà kan ṣoṣo ju dọ́là Amẹ́ríkà 21,000 lọ. Ọ̀kan lára ìdáhùn ìjọba sí ìṣòro náà ni láti fẹ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kéde pé iye akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ti nọ́ọ̀sì àti ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn lè gbà lọ́dún yóò gòkè láti 28,000 sí 64,000.

Ìgbésẹ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iye nìkan ni. Bí a bá sọ ìlọ́po méjì akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú ètò tí kì í béèrè, ìlọ́po méjì àwọn dókítà tí gbogbo wọn dojú kọ ẹ̀ka mẹ́rin tàbí márùn-ún kan náà ni a ó rí, àwọn ẹ̀ka tó ṣófo yóò sì máa ṣófo lọ.

Ẹ wo ìlera ọpọlọ. Ní oṣù Kíní ọdún 2023, ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin tó ti wà láti ayé ìjọba amúnisìn. Òfin tuntun náà ka ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ sí ènìyàn tó ní ẹ̀tọ́, kì í ṣe ẹni tí a kàn ń wá ibi tì í mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú un ṣẹ? Iye dókítà ọpọlọ tí wọ́n máa ń dárúkọ fún Nàìjíríà kò tó 300, nígbà tí àwọn ará ìlú lé ní 200 mílíọ̀nù. Bí a bá tilẹ̀ ní wọ́n pé 300, dókítà kan ni yóò máa tọ́jú èèyàn tó lé ní 660,000. Ìlú ńlá odindi nìyẹn fún ènìyàn kan.

Ẹ tún wo ẹ̀ka tí ọmọ inú ìtàn wa yàn. Ní ọdún 2007 ni ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó ní kí wọ́n máa ṣe ìwádìí ikú òjijì àti ikú tó bá rúni lójú. Adájọ́ lè jókòó, agbẹjọ́rò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí dókítà tó mọ bí a ṣe ń yẹ òkú wò, òfo ni ìjókòó wọn. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ wa, wọ́n ń sin òkú láìmọ ohun tó pa á. Níbi tí a kò bá sì ti mọ ohun tó pa ènìyàn, ẹnu àwọn aládùúgbò ni yóò sọ ọ́: ìyàwó ló pa á, ìyá arúgbó ẹ̀yìnkùlé ló pa á. Dókítà tó lè fi ojú rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ló bẹ́ lè gba obìnrin kan lọ́wọ́ ẹ̀sùn tí ì bá lé e kúrò nílé.

Àwọn mẹ́ta tó gba ọ̀nà ọ̀tọ̀

Àwọn kan wà nínú ìran wa tí wọ́n gba irú ọ̀nà tí kò wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ ní ẹ̀kọ́ nínú fún ẹni tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ lónìí.

Adeoye Lambo, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1923, lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó padà sílé, ó ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dókítà ìjọba, kó tó tún padà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ. Lásìkò náà, bí ẹni pé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Nígbà tó dé sí Arọ́ ní ọdún 1954, kò dúró kí wọ́n kọ́ gbogbo ilé ìwòsàn náà tán. Ó bá àwọn ará abúlé tó wà ní àyíká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé pẹ̀lú ìbátan wọn. Wọ́n á sùn sí abúlé, wọ́n á gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n á sì máa gbé láàárín èèyàn. Ètò yìí gbé orúkọ Arọ́ ká gbogbo ayé, Lambo sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO.

Bennet Omalu, ọmọ ilẹ̀ Ìgbò, kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Fásitì Nàìjíríà, Nsukka. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé awakọ̀ òfuurufú ló wu òun láti jẹ́ nígbà tí òun wà lọ́mọdé, kì í ṣe dókítà. Ní Amẹ́ríkà ló ti wá kọ́ nípa yíyẹ òkú wò. Ní ọdún 2002, ní Pittsburgh, ó yẹ òkú Mike Webster wò, ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà tó kú ní ọmọ aádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí ìwà àti ìrántí rẹ̀ ti dàrú. Bí a bá fi ojú lásán wo ọpọlọ náà, kò sí ohun tó ṣe é. Omalu kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ kí òun lè fi ẹ̀rọ amúnǹkan-tóbi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó sì rí àpẹẹrẹ ìpalára tí wọ́n mọ̀ sí CTE, èyí tí orí tí wọ́n ń fi gbára lemọ́lemọ́ ń fà. Nígbà tó gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 2005, àwọn dókítà ìgbìmọ̀ líìgì bọ́ọ̀lù náà ní kí wọ́n fà á padà. Wọn kò fà á padà. Ní ọdún 2015, ìtàn rẹ̀ di fíìmù.

Ẹnì kẹta ni Felix Konotey-Ahulu ti ilẹ̀ Gánà, ọmọ Krobo. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ sickle cell, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, wà nínú ìdílé rẹ̀. Lẹ́yìn tó di dókítà, ó fi ìtàn ẹnu àwọn àgbà ilé rẹ̀ tọ ipasẹ̀ àìsàn náà láti ìran dé ìran, títí dé ọdún 1670. Ó tọ́jú àwọn aláìsàn náà ní ilé ìwòsàn Korle Bu ní Àkrà, ìwé ńlá tó kọ lórí wọn sì jáde ní ọdún 1991.

Kí ni a rí kọ́? Kò sí èyí tó rọrùn láti kọ sórí fọ́ọ̀mù nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ ló gbé Lambo dé ìdí ọpọlọ. Omalu kò tilẹ̀ fẹ́ jẹ́ dókítà níbẹ̀rẹ̀. Ti Konotey-Ahulu ní gbòǹgbò nínú ilé tí wọ́n ti bí i. Orúkọ ẹ̀ka kọ́ ni ohun tó so wọ́n pọ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí wọ́n sinmi: ṣé aláìsàn ọpọlọ kò lè gbé láàárín èèyàn ni? Kí ló pa ọkùnrin yìí gan-an? Èéṣe tí èyí fi ń ṣe àwọn èèyàn mi? Orúkọ ẹ̀ka lè yí padà. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́kàn.

Níbi tí wọ́n ti ń béèrè

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń béèrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fẹ́ wọ fásitì láti kọ́ iṣẹ́ dókítà yóò kọ ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ nípasẹ̀ UCAS, èyí tí àmì àti lẹ́tà inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 4,000 lọ, yóò sì tún jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ní Amẹ́ríkà, àyè 5,300 ni wọ́n fún un nínú ètò AMCAS tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, àti àwọn tó ń gbéra láti ilé, ló ń dojú kọ ìbéèrè yìí lọ́dọọdún.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ọmọ gbé ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ pamọ́ nítorí pé ó rò pé ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni ìgbìmọ̀ ń fẹ́ gbọ́. Yóò kọ pé òun fẹ́ ran aráyé lọ́wọ́, bí ẹgbẹ̀rún mìíràn ti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì rì sínú tiwọn. Èkejì ni kó búra. Yóò ní, "Iṣẹ́ àyẹ̀wò òkú nìkan ni mo fẹ́ ṣe, kò sí òmíràn." Ohun tí ìgbìmọ̀ yóò gbọ́ nínú èyí yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ ní lọ́kàn. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í kọ́ dókítà òkú tàbí dókítà ọpọlọ. Dókítà gbogboogbò ló kọ́kọ́ ń kọ́. Wọ́n yóò béèrè lọ́kàn wọn pé: ọmọ yìí, ṣé yóò lè dúró ti aboyún tó ń rọbí ní agogo méjì òru? Ṣé yóò fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ arúgbó tó ń wúkọ́?

Ọ̀nà àárín wà, kò sì nílò ẹ̀tàn. Kí ọmọ sọ ohun tó rí, kó tó sọ ohun tó fẹ́ dà. "Ọkùnrin kan kú lójijì ní àdúgbò wa, wọ́n fẹ̀sùn kan ìyàwó rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ òótọ́ títí di òní." Gbólóhùn yìí lágbára ju orúkọ ẹ̀ka èyíkéyìí lọ, nítorí pé ẹni tó ń gbọ́ ọ rí ibi tí ìfẹ́ náà ti hù. Lẹ́yìn náà, kó sọ ẹsẹ̀ tó ti gbé: ìwé tó kà, ẹni tó bá sọ̀rọ̀, ilé àyẹ̀wò tó lọ wò, bó ti wù kó kéré mọ. Kó fi hàn pé òun mọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó, àti pé àwọn alààyè ni yóò kọ́kọ́ kọ́ òun ní ohun tí òun yóò fi mọ òkú. Ní ìparí, kó fi àyè sílẹ̀. Kó sọ pé èyí ni ohun tó gbé òun wá, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ lè fi ohun tí òun kò tíì rí han òun. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́, kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀rù àwọn òbí kì í ṣe ẹ̀rù lásán

Ẹ jẹ́ ká padà sílé tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ké "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kì í ṣe òpè. Ó mọ ìlú tó ń gbé. Ó mọ̀ pé aláìsàn ló ń sanwó fún dókítà, òkú kì í san. Ó mọ̀ pé bí ọmọ òun bá di dókítà ọpọlọ, àwọn kan yóò máa sọ pé ẹni tó ń bá wèrè gbé kò ní pẹ́ dà bíi wọn. Ó ti ń ro ìdílé tí yóò wá tọrọ ọmọ náà. Ó tún ń ro gbèsè, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ kan tó bá di dókítà ni yóò rán àbúrò mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ń sọ fún ọmọ pé kó máa tẹ̀lé ọkàn rẹ̀, tí kò sì dárúkọ gbèsè yìí, kò tíì sọ òótọ́ tán.

Òótọ́ kejì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pittsburgh ni Omalu ti ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀, kì í ṣe Enugu. Ẹ̀ka tí kò wọ́pọ̀ nílò irinṣẹ́ tí kò wọ́pọ̀, ó sì nílò ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí méjèèjì nílé, ọ̀nà papakọ̀ òfuurufú ni ọmọ yóò gbà. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ìfẹ́ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n jù lọ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ pàdánù.

Àwọn kan yóò sì sọ pé kí ni ọmọ ọdún 17 mọ̀? Ó ṣeé ṣe kó yí ọkàn padà nígbà mẹ́ta kó tó parí. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi ìfẹ́ rẹ̀ dè é mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn yí ọkàn padà lẹ́yìn tó ti rí nǹkan yàtọ̀ sí kí ọkàn náà kú nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀nà pọ̀ yóò lè yàn, ẹni tí a fi ọ̀nà kan hàn yóò kàn máa rìn ni.

Ohun tó ṣeé ṣe

Kò sídìí láti sọ ìdánwò nù kí a sì fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rọ́pò rẹ̀. Nínú ìlú tí ẹsẹ̀ gígùn àti ìwé "mo mọ ọ̀gá" ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ tálákà ni yóò kọ́kọ́ jìyà irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Kí máàkì máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọlé, ní ọdún àkọ́kọ́ gan-an, fásitì lè bi í ní ìbéèrè tí kò ní máàkì nínú: kí ló gbé ọ wá? Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí olùkọ́ kan sì tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún kẹta àti ọdún kẹfà. Kò náni ní owó.

Wọ́n tún lè jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tètè fojú rí àwọn ẹ̀ka kéékèèké. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í rí inú ilé ìwòsàn ọpọlọ tàbí yàrá àyẹ̀wò òkú ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, nígbà tí iṣẹ́ abẹ àti ti ìgbẹ̀bí ń gba oṣù lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ojú kò rí, ọkàn kò lè fẹ́. Ìjọba tó sì mọ iye dókítà ọpọlọ tó ní lè ya owó sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá gbà láti kọ́ ẹ̀ka tó ṣófo, kó sì jẹ́ pé nílé ni yóò ti ṣiṣẹ́ fún iye ọdún tí wọ́n bá jọ fọwọ́ sí. Bí wọ́n bá ń fẹ ẹnu ọ̀nà láti 28,000 sí 64,000, ó yẹ kí wọ́n mọ ibi tí àwọn tó ń wọlé ń lọ.

Ní ti ilé, ìbéèrè kan ló kù. Ẹ̀gbọ́n bàbá inú ìtàn wa béèrè irú dókítà tí ọmọ fẹ́ jẹ́, ó sì dákẹ́ nígbà tó gbọ́ èsì. Bí kò bá dákẹ́ ni, bó bá jẹ́ pé ó fi ọwọ́ mú ìyàwó àbúrò rẹ̀ pé kó fara balẹ̀, kó wá tún bi ọmọ náà pé, "Kí ló fà á tí o fi fẹ́ bẹ́ẹ̀?", ọmọ ì bá sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó kú lójijì lópòópónà wọn, àti ti obìnrin tí wọ́n lé kúrò nílé ọkọ rẹ̀ kí òkú tó tutù. Gbogbo ilé ló mọ obìnrin náà. Ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ má gbà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò mọ ohun tó ń kọ̀, ọmọ náà yóò sì mọ̀ pé wọ́n gbọ́ òun. Nígbà tó bá di ọmọ ọdún 25, tí wọ́n bá tún béèrè, yóò rántí èsì rẹ̀.